Ta Ló Ran Òwú Aṣọ Ọrùn Wa?

Ẹ̀yin ọmọ Wásinmi, nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la ti ń fà á lórí Wáṣáàpù, pé aṣọ wo la máa fi ṣe àǹkóò ọjọ́ ìlú lọ́dún yìí. Àwọn kan ní léèsì, àwọn kan ní àǹkárá. Ẹ̀gbọ́n wa kan wá fi fọ́tò ránṣẹ́ pé àdìrẹ nìyí, pé Ṣáínà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, pé owó rẹ̀ ò ga, pé ta ló máa mọ̀? Ọ̀rọ̀ "ta ló máa mọ̀" yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn. Mo bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ pé kó fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn oṣù yìí. Ẹ má bínú, ó máa gùn díẹ̀; ẹ kà á nígbà tí iná bá wà.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìyá tó bí bàbá mi ní àpótí pákó kan lábẹ́ ibùsùn, inú rẹ̀ ni kíjìpá kan wà. Ẹ̀yin tí ẹ ò rí kíjìpá rí, aṣọ tó ki ni, ó wúwo, ó le bí ẹní nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun. Bó bá ti ń pẹ́ ló ń rọ̀. Ti ìyá àgbà ti rẹ inú aró títí tó fi fẹ́ẹ̀ dúdú, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lára rẹ̀ tí àwọ̀ wọn dà bí sánmà àárọ̀. Ìyá ní ọwọ́ òun ni òun fi ran òwú rẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọge, pé ìyá òun ló hun ún. Bí ọyẹ́ bá dé, òun ni wọ́n ń dà bora. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn nínú ilé, òun náà ni. Nígbà tí ìyá lọ, tí a pín ẹrù, àwọn ẹbí mú wúrà, wọ́n mú léèsì. Kíjìpá bọ́ sọ́wọ́ mi torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Mo gbé e dé Èkó, mo jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pọ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi.

Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló di aró lọ́jọ́ náà. Kíjìpá ya lójú ibi tí wọ́n ti rán ìbú rẹ̀ pọ̀, ó sì fà já láàárín. Èyí tó ṣẹ́kù kò ju igbọ̀nwọ́ méjì lọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ti wá ní àkísà àgbà báyìí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi sọ ọ́ di àkísà. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ni mo bàjẹ́ gan-an.

Ohun tí mo bàjẹ́ rèé. Láàárín àgbàdo àti iṣu ni àwọn ìyá wa ti ń gbin òwú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí òwú là, wọ́n á ká a. Wọ́n á fi ọ̀pá irin yí i lórí òkúta pẹlẹbẹ kí hóró inú rẹ̀ lè bọ́. Wọ́n á fi ọrun kékeré gbọ̀n ọ́n títí tí yóò fi fúyẹ́, tí yóò di ẹ̀gbọ̀n òwú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ràn án lórí ìrànwú, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi amọ̀ róbótó há nídìí, tó ń pòòyì nílẹ̀ bí òkòtó. Iṣẹ́ yìí kì í tán. Arúgbó tí kò lè lọ oko mọ́ ń ranwú. Ọmọdébìnrin ń ranwú. Ìyá tó ń dúró de oníbàárà lọ́jà, òun náà ń ranwú. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni yóò ranwú kí ahunṣọ kan ṣoṣo tó rí òwú hun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni okùn ìtàn yìí ti já.

Àwọn obìnrin ń hun lórí òfì tí wọ́n gbé nàró ti ògiri nínú ilé. Aṣọ ibẹ̀ máa ń fẹ̀, òun ni kíjìpá. Òfì àwọn ọkùnrin ló ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn bí ọ̀já, tí wọ́n á wá rán pọ̀ di agbádá tàbí ìró. Ní ti aró, ewé èlú ni wọ́n ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a. Wọ́n á sẹ́ omi eérú, wọ́n á pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò títí yóò fi jinná láìsí iná. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé.

Kó má dà bí ẹni pé mo ń pọ́n ọn jù, àwọn àgbà fúnra wọn ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ. Kì í ṣe pé ọ̀lẹ ló ń hun ún o. Kì í tètè gbó ni. Ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ra òmíràn á máa wọ ẹyọ kan lọ fún ọdún gbọọrọ. Aṣọ oko ni, aṣọ ìbora ni, aṣọ tí wọ́n fi ń sin òkú àgbà ni. Ti ẹ̀yẹ ni sányán, ẹtù àti àlàárì. Àlàárì tilẹ̀ nìyẹn, òwú pupa rẹ̀ gba aṣálẹ̀ kọjá kó tó dé ọwọ́ ahunṣọ wa, àwọn oníṣòwò Haúsá ló ń gbé e wá. Nítorí náà kì í ṣe òní ni òwú àlejò ti ń wọlé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà náà, aṣọ ẹ̀yẹ nìkan ló ń bá àlejò ṣe pọ̀. Aṣọ tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ lójoojúmọ́, láti hóró dé aró, ọwọ́ wa ló wà.

Aṣọ ọwọ́ hun sì ń sọ̀rọ̀ nínú ìṣèlú kí òyìnbó tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Ẹ̀gbá mọ̀ pé Ògbóni ló ń dá ẹjọ́, tó ń ṣe òfin ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ìtagbè tí àgbà Ògbóni ń gbé lé èjìká, aṣọ ọwọ́ hun ni, iṣẹ́ àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí. Ẹni tó bá gbé e kọ́ èjìká wọ inú ilé, a ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo dé kó tó la ẹnu. Aṣọ Ìjẹ̀bú yìí kan náà rin ìrìn àjò dé ọ̀dọ̀ àwọn Kalabari lẹ́bàá omi Niger Delta. Aṣọ ìjàpá ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, wọ́n sì kà á sí ohun ìṣúra ìdílé. Ní Bahia ní Brazil, àwọn obìnrin tí ìyá wọn ti ọ̀dọ̀ wa lọ ń ra aṣọ ọwọ́ hun tí ọkọ̀ ojú omi ń kó láti Èkó, wọ́n ń pè é ní pano da costa, ìyẹn aṣọ etíkun, etíkun ilẹ̀ wa níbí. Àwọn ìyálórìṣà ibẹ̀ ń gbé e sí èjìká títí dòní. Ní ìlú Ulm ní Jámánì, ẹ̀wù ńlá ọwọ́ hun wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, láti Allada ní ilẹ̀ Benin ti òde òní. Inú àkójọ ọ̀gbẹ́ni Christoph Weickmann ló wà, ẹni tó tẹ ìwé nípa àkójọ náà ní 1659. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ ìlú dó sábẹ́ Olúmọ.

Owó wà nínú òwú, gbogbo ayé ló mọ̀. Ohun tí mo wá rí nínú ìtàn ni pé ọ̀pọ̀ àlejò tó wá bá àwọn bàbá wa nítorí òwú, òwú lásán ni wọ́n ń wá. Aṣọ kọ́.

Àwọn àkọ́kọ́, ọkàn rere ni wọ́n fi wá. Ní 1859, Martin Delany, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, àti Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, dé Abẹ́òkúta. Ìgbà yẹn, ẹrú ló ń gbin òwú ní gúúsù Amẹ́ríkà, òwú náà ló sì ń bọ́ ẹ̀rọ Manchester. Èrò wọn ni pé bí àwọn aláwọ̀ dúdú tó lómìnira bá wá gbin òwú sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n á fi owó ọjà lu oko ẹrú náà bolẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù December ọdún yẹn, Aláké Okúkẹ́nù àti àwọn ìjòyè bá wọn tọwọ́ bọ̀wé. Ìwé náà ò dúró. Àwọn ajíhìnrere kan tako ó, ogun gba ojú ọ̀nà, àwọn ìjòyè sì sẹ́ ẹ. Delany padà sílé, Campbell wá fi Èkó ṣe ibùgbé, ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1863. Mo máa ń ronú pé bí ìwé yẹn bá dúró ni, ta ni ì bá wà lórí ilẹ̀ oko wa lónìí? Ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Kí Delany tó dé ni Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, àti Henry Venn ti ìjọ CMS ti ń fi ẹ̀rọ tó ń ya hóró òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Ọmọ Sàró kan, Henry Robbin, lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Manchester, òun àti Samuel Crowther kékeré ló sì ń bójú tó o nílé. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ ní 1861, tí òwú wọ́n, owó wọlé fún Ẹ̀gbá gan-an. Ogun parí ní 1865, owó òwú já wálẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni rélùwéè dé. Láti Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ wa níbí kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1902, àwọn oníṣòwò dá British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní Manchester, pé kí ilẹ̀ Áfíríkà máa gbin òwú fún ẹ̀rọ wọn. Ẹ wo bí ètò náà ṣe lọ: òwú á bá ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi, yóò di aṣọ funfun lọ́hùn-ún, aṣọ funfun á sì bá ọkọ̀ kan náà gòkè padà wá. Ṣùgbọ́n nǹkan kan dí wọn lọ́wọ́ tí wọn ò rò tẹ́lẹ̀. Àwọn ahunṣọ wa ń san owó tó dára ju tiwọn lọ! Àgbẹ̀ ò sì ya wèrè; ibi tí owó bá pọ̀ sí ló ń ta òwú rẹ̀ sí. Nígbà tí kòkó àti obì tún wá mówó wá jù ú lọ, àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá yí oko padà. Ẹgbẹ́ Manchester ò rí òwú tó ń wá lọ́dọ̀ wa. Mo fẹ́ràn ibi tí ìtàn yìí dé níbí, n ò ní purọ́. Kò sẹ́ni tó yìnbọn, kò sẹ́ni tó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ìyá kan tó ní òfì lára ògiri rẹ̀ kàn fi náírà, àní owó ìgbà náà, lé àwọn olówó ayé sẹ́yìn. (Ìgbà tí àwọn èèyàn wa bínú sí ìjọba lóòótọ́, wọn ò fi owó jà: ní June 1918, nígbà ogun Adúbí, wọ́n hú irin rélùwéè ní gúúsù Abẹ́òkúta, lápá ọ̀dọ̀ wa.)

Ẹ̀yìnkùlé ni òwú ẹ̀rọ gbà wọlé. Mo ní kí ẹ fi iye ọwọ́ tó ń ranwú sọ́kàn. Nígbà tí òwú tí ẹ̀rọ ti ran dé ọjà, ahunṣọ ra á, torí pé ó dọ́gba, kì í tètè já, kò sì ní láti dúró de ìyá mẹ́wàá. Òfì ò kú. Ìrànwú ló kú. Títí di báyìí, wọ́n ń hun aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn, iṣẹ́ wọn sì dára, ṣùgbọ́n òwú ilé ẹ̀rọ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń hun. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tiwa, aṣọ funfun Manchester gba ipò kíjìpá nínú ìkòkò aró. Àdìrẹ àkọ́kọ́, ara kíjìpá ni àwọn ìyá ń fi okùn dì sí. Ara aṣọ òyìnbó ni òkìkí àdìrẹ Abẹ́òkúta wá ti jáde.

Àwọn kan máa ń fi èyí bú àwọn aláró wa, pé aṣọ àlejò ni wọ́n ń pa láró. Èmi ò sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin Kémta, Ìtòkú àti àdúgbò mìíràn gba aṣọ tó wá láti pa iṣẹ́ wọn, wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ tí oníṣòwò ń ti Sẹ̀nẹ̀gàlì àti Gold Coast wá rà. Ṣùgbọ́n ẹni tí òwú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò ní pẹ́ bá wàhálà pàdé. Láàárín ọdún 1920 sí 1940, kọ́sìtíìkì sódà àti aró inú agolo dé. Ó yá ju èlú lọ, ó sì mú kí aró rọrùn fún ẹni tí kò jogún iṣẹ́ náà. Aṣọ kan ń ṣá, òmíràn ń gbó, àwọn tó ń rà á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, owó já. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró agolo. Àwọn aláró kan gbà pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ò gbà: ta ló pe ọkùnrin sí ìdí ìkòkò aró? Ní 1936 ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé e lórí. Nígbẹ̀yìn wọ́n ká òfin náà kúrò.

Àwọn obìnrin ọjà yẹn, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, náà ni wọ́n tún dìde lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Gbogbo wa mọ ìtàn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, owó orí àwọn obìnrin, àti bí wọ́n ṣe jókòó sí iwájú ààfin Aké ní 1947. Ohun tí a kì í sábà sọ ni ọ̀rọ̀ aṣọ inú rẹ̀. Ìyá yìí kàwé ní England, àwọn tó sì wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ jẹ́ obìnrin tó mọ kóòtù àti fìlà òyìnbó í wọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà di ti àwọn ìyá ọjà ní 1946, ó bọ́ gáùn sílẹ̀. Ìró àti bùbá ló ń wọ̀ lọ síbi gbogbo, Yorùbá ló sì ń sọ níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó; kí wọ́n lọ wá ògbufọ̀. N ò sọ pé kíjìpá ló wọ̀ o, aṣọ ìgbà náà ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ wò ó, kò rí ìyàtọ̀ láàárín ara rẹ̀ àti aṣáájú rẹ̀. Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní January 1949, ó lọ sí Òṣogbo, kò padà títí di December 1950.

Íńdíà ló tọ ọ̀nà míì. Gandhi ò gbà kí wọ́n ra aṣọ Manchester kí wọ́n wá pa á láró. Ó ní òwú gan-an ni kí wọ́n gbà padà. Láti nǹkan bí 1920 ló ti ń sọ pé kí olúkúlùkù máa ranwú nílé rẹ̀, lọ́yà, dókítà, gbogbo wọn. Wọ́n dáná sun aṣọ òkèèrè, wọ́n sì ya kẹ̀kẹ́ ìranwú sí àárín àsíá ẹgbẹ́ wọn. Lẹ́yìn òmìnira, òfin ibẹ̀ ni pé òwú ọwọ́ ran, ọwọ́ hun ni kí wọ́n máa fi ṣe àsíá orílẹ̀-èdè. December 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà, tí wọ́n fàyè gba èyí tí ẹ̀rọ hun. Àwọn tó ń ran òwú àsíá náà sì pariwo. Ní Ghana, lálẹ́ tí òmìnira bọ́ sí 6 March 1957, Kwame Nkrumah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò wọ kóòtù gorí pèpéle. Fúgù ni wọ́n wọ̀, ẹ̀wù ọwọ́ hun àwọn ará àríwá ilẹ̀ wọn. Aṣọ àgbẹ̀, ẹ gbọ́, bíi kíjìpá tiwa.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àǹkóò. Mo mọ̀ pé owó ò sí. Mo mọ̀ pé kò sí ìyá kan ní Wásinmi lónìí tó lè ran òwú aṣọ igba èèyàn, n ò sì ní í tan ara mi. Kódà ilé ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ wọn ò là á já: Kaduna Textiles tí wọ́n ṣí ní 1957, 2002 ló ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n àwọn aláró ṣì wà ní Ìtòkú, èmi fúnra mi lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá kan ní òun lè bá wa pa yáàdì ọgọ́rùn-ún mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí a bá san ìdajì ṣáájú. Owó rẹ̀ fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti Ṣáínà. Mo bi í bóyá ó ń bínú sí àwọn tó ń ta ti Ṣáínà nítòsí rẹ̀. Ó ní ọmọ òun wà lára wọn.

Nítorí náà, àbá mi fún ìgbìmọ̀ rèé. Kí àwọn àgbà, àwọn olóyè àti ẹgbẹ́ ìyá wọ àdìrẹ ọwọ́, ti Ìtòkú. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká a, kó ra fìlà tàbí ìborùn rẹ̀ nìkan, kó wọ aṣọ tó bá ní. Ti Ṣáínà, ẹ jọ̀ọ́, kó má wọ inú ọdún yìí. Bí wọ́n bá bi wá pé ta ló máa mọ̀, ìyá tó pa á láró máa mọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí òun náà wà níbẹ̀, torí mo ti pè é.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù. Mo mọ̀ pé kíjìpá ṣì wà nínú àpótí àwọn ìyá wa, ní Wásinmi àti ní àwọn abúlé yí i ká. Akọ̀wé ti gbà pé kí a tẹ́ tábìlì kan sí gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, kí a ya fọ́tò wọn, kí a sì kọ orúkọ ẹni tó hun ún àti ẹni tó ran òwú rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí àwọn tó mọ orúkọ náà ṣì wà láyé. Ẹ gbé tiyín wá. Èmi náà á gbé igbọ̀nwọ́ méjì tèmi wá. Ẹ má fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e wá o.